Pọ́tì Lórí Ìpáàrà

Ìwọ tí o ti gbé ìgò kí o tó bọ́jú lónìí, ìwọ ni ìwé yìí ń bá wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń fi òòlù tún ara ọkọ̀ ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, àwọn adigunjalè fi ọ̀pá irin fọ́ orí bàbá rẹ̀ níṣojú òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn àgbà ìjọ ní kó gbàgbé. Nígbà tí kò rí i gbàgbé, wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, wọ́n sì nà án ní pàṣán níwájú pẹpẹ. Ìwà ìkà ni. Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n fi bò ó.

Ó bá di ọ̀mùtí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ da ọtí rẹ̀ sí gọ́tà. Òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó là á mọ́ ọn. Egungun apá ọmọbìnrin náà kán, ó ró bí igi gbígbẹ. Kò tilẹ̀ sunkún.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí orí Bàámi ṣe ró nìyẹn."

Ọtí dá lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n di apá náà tán, ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn máa lọ sílé. Ọmọbìnrin náà ní, "Ilé wo? Mi ò bá yín lọ mọ́ láyé." Ó gba ilé àǹtí wọn lọ.

Ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, onígbàgbọ́ tó ti mutí yó rí, bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí bẹ́ǹṣì.

"Olóòlù, bí ìpáàrà bá ti jẹ ara ọkọ̀, ṣé o máa ń lẹ pọ́tì lé e lórí láti fi dí ihò rẹ̀ kí n wá kùn ún?"

"Ṣé orí mi dàrú ni, ẹ̀gbọ́n? Kó tún wú jáde lóṣù tó ń bọ̀? Mo máa gé e dànù ni."

"Ọtí ni pọ́tì tìrẹ. Sọ ohun tí o rí lọ́jọ́ tí wọ́n pa bàbá rẹ. Mi ò mú pàṣán dání."

Ó sọ ọ́. Ó bì, ó sunkún, ó tún sọ ọ́.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹni tí wọ́n fi òòlù kàn mọ́gi mọ ohun tí ojú rẹ rí. Ó sì lè dárí ji ẹni tó di òòlù mú."

Ibẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló ṣẹ́ apá àbúrò òun, ó fi ara rẹ̀ fún Krístì.

Kì í ṣe idán. Dókítà tọ́jú ara rẹ̀ bó ṣe ń jáwọ́ nínú ọtí. Láràárọ̀, kí òùngbẹ ọtí tó dé, ó ń lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ọkọ̀ yìí. Wọ́n á gbàdúrà, á sì sọ ohun tó tún rí lójú oorun. Ó padà sídìí ọtí lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò nà án.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó lọ sílé àǹtí wọn, àbúrò rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní, "Ẹ mí sí mi ná." Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò sí ọtí níbẹ̀. "Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n mi ò ní ti ilẹ̀kùn o."

Ìwọ ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ, ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni. Ohun tí ò ń ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ni. Krístì kò ní fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ronú pìwà dà lónìí, kí o sì wá ẹni tí wàá sọ ọ́ fún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnìkan wà nílé rẹ tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, tí àyà rẹ̀ ń já.