Sípíkà fún Ẹ̀rọ Kékeré

Inú iná pupa rẹ́súrẹ́sú ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó gbé àpótí sípíkà lé èjìká wọ ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe, ó sì bá ọkùnrin kan tó dojú kọ ẹ̀rọ orin àtijọ́, tí iná gílóòbù ń tàn sí i lójú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Káfíńtà nítorí iṣẹ́ rẹ̀, gbàgbé pé ẹrù wà léjìká òun.

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó bọ́,” ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Káfíńtà ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. Kò sì dùn ún pé ó sún mọ́ ọn.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ onígílóòbù tó ń ṣe, irú àtijọ́ tí gílóòbù inú rẹ̀ ń gbé ohùn jáde, ò lágbára. Orin rẹ̀ dùn, àmọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ sípíkà òde òní, á kàn máa kùn bí ẹ̀fọn. Káfíńtà mọ oògùn rẹ̀: àpótí ńlá, àti sípíkà tí bébà ojú rẹ̀ fúyẹ́, tí agbára díẹ̀ á mì. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é pọ̀. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́: iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di ti oṣù mélòó kan.

“Olówó orí mi lọ́la, gọ́ọ̀mù wà nímú ẹ,” ni Káfíńtà wí lọ́jọ́ kan.

“Bá mi nù ún nígbà náà.”

Ṣùgbọ́n sípíkà gàgàrà ni bàbá Káfíńtà fi ń ṣe háyà fún àwọn olóde àríyá, ohun tó bá dún kíkankíkan nìkan ló kà sí iṣẹ́. “Ẹ̀rọ ẹ ò lè jí ológbò,” ó sọ fún Jẹ́jẹ́ nígbà tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀. “Gbé e wá ní Sátidé. Tó bá kún pálọ̀ mi, a máa sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Tí ò bá kún un, fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Ẹ̀rù ba Jẹ́jẹ́. Ó lọ yá ẹ̀rọ alágbára kan, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì pálọ̀ bàbá lọ́jọ́ Sátidé, ó sì so sípíkà Káfíńtà mọ́ ọn. Orin ò tíì débì kan tí agbára náà fi pọ̀ jù fún bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, tó sì ya pẹ́rẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Káfíńtà fojú tọ wáyà lọ, ó sì rí ẹ̀rọ alágbára náà lẹ́yìn kọ́tìnnì.

“Ẹ̀rọ tìẹ ni mo ṣe é fún,” ó ní, omi lé ròrò lójú rẹ̀. “O ò gbà mí gbọ́.” Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ tó ní sí i gan-an ló jẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ahọ́n àtẹnu a máa jà, wọ́n á sì rẹ́. Jẹ́jẹ́ wá bá a nídìí iṣẹ́.

“Ẹ̀rù ló bà mí pé mo máa pàdánù ẹ. Mo wá sọ iṣẹ́ ẹ di yẹpẹrẹ. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Káfíńtà na bébà tuntun sí i. “Wá bá mi di bébà yìí mú, ojo tèmi. Kọ́wọ́ ẹ má gbọ̀n o.”

Nígbà tí wọ́n padà lọ sí pálọ̀ bàbá, bàbá fúnra rẹ̀ yẹ ẹ̀yìn kọ́tìnnì wò kó tó jókòó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀; ẹ̀rọ kékeré nìkan ni Jẹ́jẹ́ gbé wá, ó sì tan án. Ó la ẹnu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ akọrin inú orin náà mí sínú kedere, bàbá sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà bíi pé ẹnì kan wọlé. Orin náà kún pálọ̀ dé ilé ìdáná. Bàbá ṣí fìlà.

“Bàbá, ṣé ó kún un?” ni Káfíńtà bi í.

“Kí ni kí n sọ? Ó kún un.” Ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. “Àna mi, ọmọ mi lo máa mú lọ. Ẹ̀rọ yìí ò kúrò nílé mi.”

“Ẹ máa lò ó, sà,” ni Jẹ́jẹ́ wí.

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú bàbá rẹ̀, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́.