Ilé Tó Wà Lójú Kọ̀ǹpútà Bàbá Dáramọ́lá

Kò sí kọ̀ǹpútà tí kì í gbóná. Èyí tó dára ń gbóná, èyí tó ti gbó ń gbóná jù, èyí tó ń kú lọ a máa gbóná bí ààrò. Ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù tí Bàbá Dáramọ́lá gbé sórí tábìlì Ṣemílóore ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní Àgbowó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko, ikùn rẹ̀ sì tutù bí ìdí àmù.

Ṣemílóore gbọ́wọ́ lé e, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó tún gbọ́wọ́ lé e.

"Bọ̀dá Mánsúrù, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan yìí."

Mánsúrù ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Òun ló ń tún inú kọ̀ǹpútà ṣe, Ṣemílóore ló ń tún ojú rẹ̀ ṣe. Kò gbójú sókè nídìí irin tó fi ń jó òjé.

"Fáànù rẹ̀ ló dáa. Ẹ̀yin ọmọ yìí, tí nǹkan bá ti dáa, ẹ̀rù á máa bà yín."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ṣemílóore. Ó ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀ láti ọdún kejì, kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé, ìdí rẹ̀ ni kò lè jókòó. Nídìí kọ̀ǹpútà nìkan ni ìdí ọ̀hún ti ń rójú jókòó. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tó bá mọ̀nà lè wọ inú rẹ̀, kó kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ tó wù ú, kó gbé àwọn àmì orí rẹ̀ síbi tó wù ú, kó sọ fódà, àpò tí wọ́n ń kó iṣẹ́ sí, di ìgbín tàbí bàtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lódìkejì títì máa ń sọdá wá, kí Ṣemílóore lè bá wọn ṣe tiwọn kó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló fi ń dá àpárá. Èyí tó fẹ́ràn jù ni pé kó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, kó fi àwòrán náà kun ògiri rẹ̀, kó wá kó àwọn ojúlówó àmì pamọ́. Onítọ̀hún á tẹ fódà, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, fódà kò ní ṣí, nítorí pé àwòrán fódà ló ń tẹ̀. Ó ṣe é fún akọ̀wé ìjọ kan ní Bódìjà. Ogún ìṣẹ́jú ni ìyá yẹn fi gbàdúrà lé kọ̀ǹpútà lórí kí Ṣemílóore tó bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Dáramọ́lá kì í ṣe ẹni téèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò fi ìgbà kankan ròkè. Láti Moniya ló ń wá, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, Ẹwàolúwa, a sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ rí.

"Níbo nìyẹn, Bàbá?"

"Níbì kan."

Kò mú àwòrán wá fi hàn wọ́n. Gbogbo bó ṣe fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà náà rí ló wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, tó ṣì pọ́n díẹ̀. Ó fẹ́ kí fódà àkọ́kọ́ jẹ́ ilé kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kan ti já rọ̀. Ibi tí wọ́n ń da ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́ sí, kó jẹ́ ààtàn, kí adìẹ kan dúró lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà, kékeré báyìí.

"Kí ni àpótí máa ṣí, Bàbá?"

"Kò ní ṣí nǹkan kan. Ọmọ mi ló ni ín."

Ẹwàolúwa ń fi ìdérí ìgò ṣeré nílẹ̀. Bàbá Dáramọ́lá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Bí Ṣemílóore bá gbé ilé náà sún níwọ̀n eékánná, bàbá á ní, "Rárá, dá a padà díẹ̀." Mánsúrù yọ sípíkà inú rẹ̀ tó ti jóná, ó jù ú sínú agolo ìdọ̀tí. Ó pààrọ̀ bátìrì kékeré tó ń gbé aago rẹ̀ ró pẹ̀lú, torí pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà náà, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2016 ló ń sọ pé àwọn wà. Ó pààrọ̀ bátìrì náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta tó rí ọjọ́ yẹn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Bàbá Dáramọ́lá wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí àwòrán ojú rẹ̀ yìí kúrò níhìn-ín. Bó bá jáde, ilé mi tú nìyẹn. Ìyá ọmọ yìí kò ní ẹlòmíì lẹ́yìn mi."

"Ẹ ń sá fún ìyáálé ni, Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tí mò ń sá fún kò bá mi jà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló yún Ṣemílóore létí. Àṣé ọkọ ìyàwó méjì ni bàbá jẹ́jẹ́ yìí! Bí bàbá ṣe jáde lọ ra gúgúrú fún ọmọ rẹ̀ báyìí, ó ti ya àwòrán, ó ti fi kun ògiri, ó ti kó àwọn àmì gidi pamọ́. Àwòrán ọ̀hún sì ti kọjá sórí fóònù rẹ̀. Ó jókòó, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń retí.

Bàbá Dáramọ́lá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ẹnu rẹ̀ mì. "Àgò onílé o," ló wí, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹlòmíì. Ó tẹ ilé náà.

Ilé náà ṣí.

Ṣemílóore gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu. Inú ilé ọ̀hún ṣófo, ó funfun bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Bàbá wo inú rẹ̀ díẹ̀, ó pa á dé, ó lọ ń di okùn bàtà ọmọ rẹ̀. Ṣemílóore sáré tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwòrán ni. Kí ó tó ronú kan ohun tí yóò sọ, bàbá ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì. "O ṣeun, ọmọ mi. Màá mú ìyókù owó yín wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù bà á di alẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́ lójú ọmọdé. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun ló gbàgbé àmì kan sẹ́yìn. Èyí tó kù lọ́kàn rẹ̀ ni ti ìyáálé. Ó fojú inú rí obìnrin gbàǹgbà kan tó so gèlè mọ́ ìdí, tó ń lé bàbá tín-ín-rín láti Àgbowó dé Ojòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé àwòrán náà sórí Fesibúùkù, níbi tí àwọn tó ń ṣe ojú Línọ́ọ̀sì lọ́ṣọ̀ọ́ ti ń fọ́nnu sí ara wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó bá mọ baálé ilé yìí kó wá mú un ní Àgbowó. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù náà kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Kò sanra, kò so gèlè mọ́ ìdí. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Eruku ọ̀nà wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ́fẹ́ lorúkọ mi. Láti Oǹdó ni mo ti ń bọ̀. Ta ló ni ilé ẹlẹ́wé kòkó tí ẹ gbé sórí Fesibúùkù?"

"Kọ́sítọ́mà wa ni. Kí ló ṣe yín, ẹ̀yin ìyàwó?"

"Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnì kankan." Ó na fóònù rẹ̀ sí Ṣemílóore. Àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, lórí tábìlì kan. Ògiri rẹ̀ pọ́n bí ewé kòkó. Ilé wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kan já rọ̀. Adìẹ wà lórí ààtàn, lẹ́sẹ̀ kan. "Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn yà á. Akínlolú lorúkọ wọn, sàfíyọ̀ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n. Mo ya àwòrán yìí kí àwọn àbúrò wọn tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo fẹ́ mọ ẹni tó rí i jí."

"Nígbà wo ni wọ́n pa á rẹ́?" ni Ṣemílóore bi í.

"Lẹ́yìn ìsìnkú. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2016 ni bàbá mi kú." Ó fi ìka kan igun àwòrán náà. "Wọ́n ya àpótí yìí fún mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́."

Irin bọ́ lọ́wọ́ Mánsúrù. "Lá ìláà," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àkúdàáyà."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó kú nílùú kan, tó lọ jókòó sílùú mìíràn, tó tún orúkọ jẹ́, tó fẹ́yàwó, tó bímọ. Yóò wà níbẹ̀ pẹ́ títí, àfi bí ojú tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá bá a. Ó lè pa orúkọ tì, ó lè pa ìlú tì. Ọwọ́ tó fi ń to ilé rẹ̀ ni kò lè pààrọ̀.

Ṣemílóore wo aago ara ògiri. Aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, aago méjì ni bàbá sì máa ń dé.

Ó fò kọjá lórí tábìlì. Ó sáré jáde síta. Bàbá Dáramọ́lá ti wà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, báàgì ní èjìká, ọwọ́ Ẹwàolúwa ní ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ padà! Ẹ má gòkè wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!"

Ṣùgbọ́n Ọmọ́fẹ́ ti tẹ̀ lé e jáde. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá mi?"

Bàbá náà gbójú sókè. Ó wo Ọmọ́fẹ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń wo omi.

"O ti dàgbà," ó wí. Ó wá yíjú sí Ṣemílóore. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. "O tú u, àbí?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tú jáde láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, báàgì wà nílẹ̀. Ẹwàolúwa nìkan ló dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lókè, ìka rẹ̀ ṣẹ́ kọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì dì í mú.

Ṣemílóore àti Ọmọ́fẹ́ mú Ẹwàolúwa lọ sí Moniya, ọmọ náà ló ń fọwọ́ júwe ilé wọn. Àrìnpé, ìyá rẹ̀, ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Bó ti rí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ó ti lọ?"

Ṣemílóore gbé báàgì bàbá kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

"Kó tó fẹ́ mi ló ti sọ fún mi. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun kò ní padà wálé, kí n má wá òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni."

Ṣemílóore kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Wọ́n ní kí n má gbé àwòrán náà jáde, mo gbé e jáde. Mo rò pé àpárá ni mò ń dá."

"Àpárá," ni Àrìnpé wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n wọlé.

Ọmọ́fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà jáde látinú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì, ó tàn án. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fáànù rẹ̀ ké. Ṣemílóore gbọ́wọ́ lé e: ó gbóná. Ọjọ́ tí wọ́n wà gan-an ló wà lára aago rẹ̀. Ọmọ́fẹ́ tẹ ilé náà. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Kò lè ṣí," Ṣemílóore wí. "Àwòrán lásán ni. Èmi ni mo fi kùn ún."

"Ẹ ò kágò ni." Ẹwàolúwa ti gun orí àga. Ó na ìka rẹ̀ kékeré. "Bàbá mi máa ń kágò." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, gẹ́lẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. "Àgò onílé o."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilé náà ṣí. Látinú kọ̀ǹpútà tí kò ní sípíkà nínú, ohùn kan tí kò fi ìgbà kankan ròkè rí dáhùn pé:

"Àgò yà."

Ọmọ́fẹ́ jókòó bọ̀ọ̀ sílẹ̀. Nínú ilé náà, níbi tó ṣófo lọ́jọ́sí, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì ló wà, wọ́n to wọ́n ti ara wọn.

"Bàbá mi ní kí èmi àti Àǹtí yìí wọlé wá jókòó," ni Ẹwàolúwa wí.

Ṣemílóore nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ọwọ́ Àrìnpé bọ́ sórí tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ó wí. "O ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan."

Fáànù náà dákẹ́. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Ṣemílóore, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, bí ìgbà tí bàbá ṣì ń gbé e wá.