Ṣúgà Tí Wọn Kì Í Ro

Ọjọ́ tí Kusmirah kọ́kọ́ rí Tarsono, ṣúgà ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Tarsono máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àwọn abúlé wa lẹ́yìn ìlú Slawi, ó di rédíò olówó pọ́ọ́kú sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń tà á, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Rédíò ilé wọn Kusmirah ti yadi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ni Pak Rasdan, bàbá ẹ̀, bá pè é wọlé. Ó tú u, kò ṣeé tún ṣe mọ́, bàbá ra tuntun. Pupa ni, kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Tarsono ń yí bọ́tìnnì ẹ̀, àmọ́ Kusmirah ló ń wò. Kusmirah náà ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan rédíò yẹn bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Kusmirah bu tíì fún un. Ẹ mọ tíì wa níbí: ìkòkò amọ̀ kékeré, ife amọ̀ kékeré, ṣúgà kan tó le bí òkúta nísàlẹ̀ ife. A kì í ro ó. Wàá mu kíkorò ẹ̀ ná, ṣúgà á máa yọ́ fúnra ẹ̀, kó o tó kan ìdí ife, adùn á ti dé. Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti aya ṣe ń gbé nìyẹn.

Tarsono ò mọ̀. Ará Salatiga ni, orí òkè lọ́hùn-ún. Ó mú irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tù rédíò, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tì í bọ inú tíì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Pak Rasdan wo ife, ó wo ojú ẹ̀.

"Ọmọkùnrin yìí, ta ló ń lé ẹ?"

Kusmirah sá wọ kíṣìnnì kó lè rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an nìfẹ́ ti wọlé.

Látìgbà náà, bọ̀dá yìí ò yé wá mọ́. Á lóun fẹ́ wo bí rédíò ṣe ń ṣe sí. Lóṣù kẹta, ó bá a lẹ́yìn ilé, ó ní, "Kusmi, olólùfẹ́ mi, ó ti sú mi láti máa wá wo rédíò. Ìwọ ni mò ń wá wò."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ara rédíò yẹn le ju tèmi lọ."

Àmọ́ Pak Rasdan ò gbà. Ó ní ẹni tí ò lè dúró de ṣúgà, báwo ló ṣe máa dúró ti ìyàwó lọ́jọ́ tínú bá ń bí i? Ọ̀gá ẹ̀ nílé iṣẹ́ tíì sì ti ń tọrọ Kusmirah fún ọmọ tiẹ̀. Bàbá ò burú o. Ó sọ fún Tarsono pé kó mú àgbà ilé ẹ̀ wá. Tó bá fi di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tí kò wá, òun máa dá ọ̀gá òun lóhùn lọ́jọ́ Ajé.

Màmá Tarsono nìkan ni àgbà tó ní. Ẹsẹ̀ sì ń dun màmá, ó ti búra pé òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn mọ́.

Kí Tarsono tó lọ bẹ̀ ẹ́ ní Salatiga, ó ní lẹ́tà máa pẹ́. Òun máa ra káàdì ìkíni ilé rédíò, káàdì tí wọ́n máa ń kà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun á fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Tegal, níbi tí ilé rédíò náà wà. Orúkọ tóun máa fi síbẹ̀ ni Oníwàdùwàdù.

Báyìí ni Kusmirah ṣe di ẹrú aago mẹ́rin. Ọjọ́ kìíní, kò sí. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí. Bátìrì wá ń kú lọ, ó ń sá wọn sóòrùn lórí páànù pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan sí i. Bàbá ẹ̀ rí i, ó ní rédíò náà jọ ẹni tó tà á, kì í parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló dé. Olóhùn rédíò ní káàdì kan wá látọ̀dọ̀ Oníwàdùwàdù, sílé tí wọn kì í ti í ro ṣúgà. Kusmirah lẹ etí mọ́ rédíò. "Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, òun àti màmá òun..." Rédíò han gooro. "...wá."

Ó gbọn rédíò. Ó gbá a. Kò fọhùn mọ́.

"Wá ni mo gbọ́ o," ìyá ẹ̀ ní.

"Ìyá mi, 'á máa wá' ní wá nínú. 'Ò ní lè wá' náà ní wá nínú."

Kò lè bi aládùúgbò. Tí wọ́n bá mọ ẹni tó ń retí, tẹ́ni náà ò sì wá, orin ni wọ́n máa fi kọ. Bàbá ẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ó ní kí wọ́n bu tíì fóun. Jímọ̀, Kusmirah gbé oúnjẹ ẹ̀ fún adìyẹ. Sátidé, ó ń sáré yọjú ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá. Ọjọ́ Àìkú, ó fọ àwọn ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kírun ọ̀sán, kò sẹ́nì kan. Oòrùn ń rọ̀, Pak Rasdan ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tó yá ni wọ́n rí ọkùnrin kan tó pọn ìyá arúgbó sẹ́yìn, tó ń bọ̀ látojú títì. Tarsono ni. Kusmirah sáré lọ gbé omi tíì kaná.

Wọ́n gbé tíì àti ẹ̀gẹ́ díndín wá. Tarsono fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ itan kó má baà ṣèṣì. Kusmirah ti ń mí díẹ̀díẹ̀. Ni màmá bá mú ẹ̀gẹ́ gígùn kan, ó tì í bọ inú ife, ó ro ó ròó ròó.

Tarsono dijú.

"Níbi tiwa, òtútù pọ̀," màmá ní. "Tó o bá ní o fẹ́ dúró de ṣúgà, tíì á tutù mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Kusmirah rí ojú bàbá ẹ̀ tó le. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ kò lè wo ìyá yẹn kójú tì í nílé wọn. Ó jókòó tì í, ó mú ẹ̀gẹ́, ó ro tíì tiẹ̀ náà.

"Kusmirah," bàbá ẹ̀ pè é.

"Bàbá."

"'Á máa wá' ló sọ."

"Kí ni?"

"Oníwàdùwàdù ẹ. Ketekete ni rédíò ibi iṣẹ́ wa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá, ẹ wá ń wò mí níran láti ọjọ́ mẹ́ta?"

"Mò ń dúró kí ṣúgà yọ́ ni."

Ó wo màmá, ó wo ife tiẹ̀ tó ti ń tutù. Ó ní lọ́la, òun máa ní kí ọ̀gá òun wá ìyàwó fọ́mọ ẹ̀ síbòmíràn, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó bí ààwẹ̀ bá ti parí. Ló bá na ọwọ́ sí àwo, ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó tì í bọ inú tíì, ó ń ro ó.

Ìyá Kusmirah ti kíṣìnnì béèrè bóyá kóun dín ẹ̀gẹ́ sí i, torí ó jọ pé ṣíbí ti tán nílé yìí.