Ìlà Tí Kánsẹ́lọ̀ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Fà

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá ibùdókọ̀ ni wọ́n ti fún ọ tàbí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ lo ti bá a. Fara balẹ̀, kà á tán. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó rò pé òun ló ń pinnu ẹni tí yóò wà nínú ilé àti ẹni tí yóò wà níta ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Kánsẹ́lọ̀ ni ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ ìlú. "Kò Séwu" ni àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí o bá kó ìṣòro mẹ́wàá lọ bá a, èsì tí yóò fún ọ nìyẹn. Ewu sì wà o. Láti àárọ̀ làwọn èèyàn ti máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, yóò gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú fóònù létí, kò ní wo ẹnì kankan. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àní ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í bẹ ẹnikẹ́ni láyé yìí, títí kan Ọlọ́run.

Gọ́tà ńlá kan kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní òdìkejì gọ́tà náà ni òpópónà àwọn aránbàtà wà. Àwọn yẹn kò dìbò fún un nígbà kẹta, torí láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wọlé ló ti ń ṣèlérí pé òun máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà náà, kò sì kó o. Ó gbọ́, ó sì dì wọ́n sínú.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ tún ààlà àwọn wọ́ọ̀dù pín. Wọ́n ní kí kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan wá sí yàrá máàpù, kó fi ibi tó fẹ́ kí ààlà rẹ̀ gbà hàn. Àyè ṣí sílẹ̀ fún Kò Séwu. Ó ní òun máa fi gọ́tà ṣe ààlà, kí òun lè ti àwọn aránbàtà yẹn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìlà dúdú méjì ló wà lórí máàpù náà, wọ́n jọra wọn bí ìbejì. Ọ̀kan ni gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, èkejì ni títì tó wà níwájú ilé rẹ̀. Ó mú báírò pupa, ó tọ ọ̀kan nínú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú máàpù rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ká lọ wò ó kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Máàpù yìí máa ń tan èèyàn jẹ."

"Ìwọ lo fẹ́ wá júwe àdúgbò tí wọ́n bí mi sí fún mi?" Ó buwọ́ lù ú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aránbàtà kan wà lára àwọn tó lé jáde yìí. Bẹ́ńṣì kan náà ni òun àti Kò Séwu jọ jókòó lé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó wá bá a. "Ọ̀rẹ́ mi, omi ti wọ yàrá wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ìyàwó mi ò lè dá dìde, orí tábìlì la gbé wọn sí. Jọ̀ọ́, gọ́tà yẹn."

"Ẹ kì í ṣe ará wọ́ọ̀dù mi mọ́," ni Kò Séwu wí. "Ẹ lọ bá ẹni tó ni yín."

Wọ́n lọ bá kánsẹ́lọ̀ kejì. Ìyẹn náà ní gọ́tà kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́.

Ìdìbò ku oṣù kan. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ara ògiri ilé ìwé, Kò Séwu sì kó àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ àti ayàwòrán lẹ́yìn lọ wo tirẹ̀. Ó fi ìka tọ orúkọ wọ̀nyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí i. Ó tún un tọ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù kò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Ó gba ọ́fíìsì ètò ìdìbò lọ pẹ̀lú ìbínú. Akọ̀wé ibẹ̀ tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀. "Títì lẹ fa ìlà sí, sà, kì í ṣe gọ́tà. Ilé yín ti bọ́ sóde. Òfin sì ní ẹni tí kò bá tíì gbé inú wọ́ọ̀dù fún ọdún kan gbáko kò lè du ipò rẹ̀."

"Èmi kọ́. Ta ló fa ìlà yìí?"

"Ẹ wo ìsàlẹ̀, sà."

Ó wò ó. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni, gàdàgbà.

Ó sáré lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní ọjọ́ àtúnṣe ti kọjá. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣe é, à bá pe ẹjọ́. Ta la fẹ́ wá pè báyìí, ẹ̀yin àbí ẹ̀yin?" Ó lọ bá alága ẹgbẹ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó síta, kí wọ́n tó rán ẹnì kan sí i pé wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo gbọ́. Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn bẹ gbogbo èèyàn tán, kò sì sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn tí sáà rẹ̀ parí, òjò ńlá rọ̀, gọ́tà kún, omi sì ya wọ pálọ̀ rẹ̀. Ó pe ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́. Akọ̀wé tó gbé fóònù ní, "Ẹ kì í ṣe ará wọ́ọ̀dù wa mọ́, sà. Ẹ lọ bá ẹni tó ni yín." Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí Kò Séwu fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ pé kó máa dáhùn nìyẹn.

Kò Séwu jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ ń kó ẹrù sókè.

Ibẹ̀ ló wà tí aránbàtà yẹn fi wọlé pẹ̀lú garawa, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Kò kí ẹnì kankan, ó ń gbọ́n omi síta.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"A ti gbọ́n tiwa. Mo ní kí n wá wò ọ́."

"Lẹ́yìn ohun tí mo fojú yín rí?"

Aránbàtà gbé garawa sílẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gbàdúrà pé kó o ṣubú. Ẹnu àdúrà yẹn ni mo wà tí ọkàn mi fi bi mí pé, èmi náà ńkọ́, ta ló gbà mí wọlé? Ẹ̀ṣẹ̀ ti yọ gbogbo wa kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọwọ́ ara wa la sì fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè buwọ́ lùwé kó dá ara rẹ̀ padà."

"Ṣé kò wá sí àtúnṣe ni?" ni Kò Séwu bi í.

"Ti ìdìbò, ó ti bọ́. Ti ọkàn rẹ, ó wà. Inú ilé Baba rẹ̀ ni Jésù wà, kò sí ohun tó ṣe tí wọ́n fi lè lé e. Òun ló jáde wá bá wa. Ẹ̀yìn odi ìlú ni wọ́n mú un lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti kàn án mọ́gi, níta níbi tí àwa wà. Kò ní sọ fún ọ pé kó o lọ bá ẹni tó ni ọ́. Òun ló ni ọ́."

Kò Séwu sunkún bí ọmọdé. Ó kúnlẹ̀ sínú omi yẹn. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Mi ò lè tún un ṣe. Gbà mí."

Má rò pé gbogbo nǹkan dára lọ́jọ́ kejì. Ẹlòmíràn ti wọlé ìdìbò. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti aránbàtà máa ń wọ inú gọ́tà lọ kó ìdọ̀tí, ó sì pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bẹ àwọn tó ṣẹ̀. Àwọn kan dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí wọ́n gbé sórí tábìlì ti kú ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó aránbàtà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, ó wọlé lọ. Títí di òní, kò tíì dá a lóhùn. Kò Séwu ń gbé e lọ́kàn, síbẹ̀ ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti gba òun.

Ìwọ tó ò ń ka èyí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o ò du ipò kankan rí. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tó o ti ta nù, Ọlọ́run sì rí i. Owó rẹ kò lè mú ọ wọlé, ipò rẹ kò lè mú ọ wọlé, ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò lè mú ọ wọlé. Jésù nìkan ló lè ṣe é. Má sọ pé ó di ọ̀la, a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.

Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin yìí pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó yẹn. Má jẹ́ kí tìrẹ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, kó o pe Jésù lónìí.