Ohun Tó Yà Nínú Àpótí Ooru

Lọ́jọ́ tí Múrítàlá kọ́kọ́ rí Ọláfimíhàn, ṣe ni ọmọbìnrin náà di ojú, tó gbé ìgò ìpara kan símú, tó ń gbóòórùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń gbóòórùn orí ọmọ tuntun. Aṣọ iṣẹ́ funfun ló wọ̀, òrí sì ti ta sí i létí. Múrítàlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé pé ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí òun wá tún ṣe.

Ilé iṣẹ́ ìpara kékeré kan ni, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìsọlọ̀. Ọláfimíhàn ló ń po òrí, òróró àgbọn àti omi ewé dóńgóyárò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á po ìpara kò le, kí ó dúró ló le. Èyí tó dára lónìí lè yà lóṣù tó ń bọ̀, kí omi lọ sísàlẹ̀, kí epo léfòó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó o sínú àpótí ooru fún oṣù mẹ́ta, níbi tó gbóná ju ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí lọ ní Òṣòdì. Èyí tó bá jáde láìyà ni wọ́n ń tà. Àpótí ooru yìí ló ti dákẹ́ tí Múrítàlá fi wá.

Nígbà tó parí iṣẹ́, Ọláfimíhàn wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le, tó ti là. Ó bu ìpara, ó fi pa ọwọ́ òsì nìkan.

"Ọ̀tún ńkọ́?" ni Múrítàlá bi í.

"Ọ̀tún la ó fi mọ̀ bóyá òsì ti dára. Ẹ máa fi pa òsì lójoojúmọ́, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Àǹtí, ṣé bí mo ṣe fẹ́ máa rìn káàkiri Òṣòdì nìyí, ọwọ́ kan ti ọlọ́lá, ọwọ́ kan ti mẹkáníìkì?"

"Ẹ ki ti ọlọ́lá bọ àpò, kí wọ́n má baà jí i."

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé tó fi padà. Ó ní òun fẹ́ yẹ pulọ́ọ̀gì wò. Kò sí ohun tó ṣe pulọ́ọ̀gì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pàdé ní Apákun lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, tí ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára tí wọn kò lè fi pamọ́ mọ́.

Ìyá Ọláfimíhàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ní Adó-Èkìtì. Ó ní ọmọ Ìwó tó ń kírun, tó ń gbé yàrá kan, kí ni kí òun wí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ohun kan ṣoṣo ni Ọláfimíhàn fi ń dá a lóhùn, pé Múrítàlá kì í parọ́. Màmá ní kó ṣọ́ ọ dáadáa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òun kò ní dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ìpara àkọ́kọ́ yà, Ọláfimíhàn sunkún lójú Múrítàlá. Ìyáàfin Adéyẹyè tó ni ilé iṣẹ́ sọ pé bí èyí tó kàn bá tún yà, òun yóò kúkú máa ra ìpara òkèèrè. Ọláfimíhàn po òmíràn, ó kó o sínú ooru. Nígbà tí Múrítàlá wá tọ́jú ẹ̀rọ, ó rọra dín ooru náà kù, ó sì tún ojú ẹ̀rọ ṣe kó máa sọ pé gbígbóná rẹ̀ pé. Ó rò pé òun ń ran olólùfẹ́ òun lọ́wọ́. Ta ni yóò wá bá wọn dín oòrùn Òṣòdì kù?

Oṣù mẹ́ta pé, ìpara kò yà. Ọláfimíhàn jó yí tábìlì ká. Wọ́n ti fẹ́ máa rọ ọ́ sígò fún títà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Apákun, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n bá Múrítàlá sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn olóòótọ́. Múrítàlá gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀, ó kí Màmá. Bí wọ́n ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló jẹ́wọ́.

Ọláfimíhàn kò pariwo. "Obìnrin kan ìbá fowó ra ìpara mi, kó ṣí i, kó bá omi," ló wí. "Ìwọ tí mo sì ń fi búra fún màmá mi."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe ṣe é, Fimíhàn."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Lọ tún ẹ̀rọ náà ṣe bó ṣe yẹ, kí o sì fi mí sílẹ̀ ná."

Ọláfimíhàn sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyáàfin Adéyẹyè, ó ń retí ìwé lọ-gbélé-ẹ. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní ìtìjú inú ilé sàn ju ìtìjú ọjà lọ, ó ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Múrítàlá wá bẹ Ìyáàfin náà, ó tún ẹ̀rọ ṣe lójú gbogbo wọn. Ọláfimíhàn sọ fún ìyá rẹ̀ náà. Màmá kò sọ ju "Mo ti gbọ́" lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àárò ọkùnrin náà ń sọ ọmọbìnrin yìí gidigidi. Yóò gbé fóònù, yóò tún gbé e sílẹ̀.

Ìpara tuntun ti pẹ́ nínú ooru nígbà tí Màmá yọ̀ ṣubú ní Adó, tí Ọláfimíhàn lọ tọ́jú rẹ̀. Kò tíì dé tí ọjọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ fi pé. Múrítàlá ṣí àpótí. Omi tín-ín-rín kan ti wà nísàlẹ̀ ìgò. Ìpara ti yà.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ṣíbí rò ó pọ̀, yóò dán títí Ọláfimíhàn yóò fi dé, inú rẹ̀ yóò dùn, bóyá yóò tilẹ̀ dárí ji òun. Ṣíbí wà lórí tábìlì. Múrítàlá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ fóònù.

"Fimíhàn, ó ti yà. Mi ò fọwọ́ kan ooru, mi ò sì fọwọ́ kan ìpara."

Ẹkún ni Múrítàlá gbọ́ lórí fóònù. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Ṣé epo ló léfòó?" ni Ọláfimíhàn bi í nígbẹ̀yìn.

"Rárá. Òkè ṣì dì dáadáa. Omi díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀."

"Omi dóńgóyárò ló pọ̀ jù nìyẹn." Ó fa imú, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó kù díẹ̀ ni. Màá dín in kù, màá fi ìda oyin kún un."

Ní Adó, Màmá nà sórí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n dì, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ó bi í pé ta ló mú ìròyìn burúkú wá tó fi ń rẹ́rìn-ín báyìí.

"Múrítàlá ni, Màmá. Ó lè fi í pamọ́ fún mi, kò fi í pamọ́."

Màmá na ọwọ́, ó gba fóònù. "Ọmọ Ìwó," ló wí, "ọjọ́ wo ni àwọn òbí rẹ máa ráyè wá sí Adó?"

Múrítàlá wá àga, ó jókòó. "Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá ti lè tẹlẹ̀, Màmá."