Igi Obì Tó Wà Lójú Ọ̀nà Iná

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí Jọláadé kọ́kọ́ rí Tolúwani, agolo ọ̀dà pupa ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ti fi ọ̀dà kun ara igi obì bàbá Jọláadé.

"Ẹ̀gbọ́n, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán yín sí igi wa?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó ga, ó dé akoto òṣìṣẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé Yorùbá ló ni oko yìí."

"Tó bá jẹ́ pé Aṣáńtì ló ni ín ńkọ́, ṣé ẹ ò ní bẹ̀ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Jọláadé.

Ọmọ Ọ̀fà ni Tolúwani. Ó wá kàwé ní Kùmásí, ní Gánà, kò sì padà sílé mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ọ̀nà tí wáyà iná ńlá máa gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè wa ti jọ pinnu pé kí iná tí oòrùn ń mú wá pọ̀ sí i láàárín ọdún díẹ̀, àríwá sì ni oòrùn pọ̀ sí jù.

"Wọ́n ti to sólà lọ rẹrẹ lọ́hùn-ún," ó ní, "ṣùgbọ́n iná náà ò rọ́nà wá bá yín. Àfi ká ri òpó irin láti ibẹ̀ dé ibí, igi ńlá kankan ò sì gbọdọ̀ dúró lábẹ́ wáyà."

"Ẹ máa gé e nìyẹn?"

"Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run ni mo fi fa ìlà náà nínú ọ́fíìsì. Nínú àwòrán, igi kan ṣáá ni."

"Kì í ṣe igi kan ṣáá. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń sin ibi ọmọ sí nílé wa. Temi náà wà níbẹ̀."

Tolúwani wo igi, ó wo Jọláadé. Ó ṣí akoto rẹ̀ kúrò lórí.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń yà sí ìsọ̀ Jọláadé ní ọjà Race Course, níbi tó ti ń ta sóbólò, omi ìṣápá tútù. Yóò mu ìgò mẹ́ta, síbẹ̀ òùngbẹ ò ní tán lára rẹ̀. Tí iná bá lọ tí ọjà ń gbóná nínú fìríjì, ó máa ń fi akoto rẹ̀ fẹ́ Jọláadé, ó máa ń ní, "Jọ́láa mi, ní sùúrù, iná ń bọ̀ lọ́nà."

Jọláadé nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ó ń bà á lẹ́rù.

"Ṣé wáyà yín ò lè ṣẹ́ kọ́nà díẹ̀ ni?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo ń gbìyànjú, olólùfẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tolúwani ò wá. Ìgbà tó pè, ohùn rẹ̀ ń já. "Wọ́n ti gbé mi lọ sí àríwá, sí oko sólà. Má bínú sí mi."

Ọjọ́ kẹta ni Godfred, òṣìṣẹ́ tó gba ipò rẹ̀, dé ilé wọn ní àdúgbò Sawaba, ó gbé fáìlì dání. Bàbá Jọláadé, Baba Àbúdù, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Twi, èdè Aṣáńtì, ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá, òfin wa ni pé kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí òun àti onílẹ̀ bá jọ ní nǹkan ṣe. Tolúwani kọ ọ́ síbí pé, 'Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ onílẹ̀.' Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò níbí. Ṣé òótọ́ ni?"

Jọláadé ò mọ ibi tí yóò kojú sí. Òun gan-an ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Tolúwani rí. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í.

"Wàláhì," Baba ní, "fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kì í kírun, tó tún kun igi mi ní pupa. Sọ fún un pé kó kọ́kọ́ yí wáyà rẹ̀ kúrò lórí igi mi ná."

"Bàbá, kò sí lórí iṣẹ́ náà mọ́."

"Ó ti sá lọ nìyẹn."

Ọyẹ́ dé. Jọláadé ń ta sóbólò, ojú rẹ̀ sì ń wá akoto láàárín èrò. Tolúwani ń pè é nírọ̀lẹ́.

"Níbi tí mo wà yìí, iná pọ̀ débi pé a ò rí ibi gbé e sí," ó ní. "Ìwọ sì wà nínú òkùnkùn. Ó ń dùn mí."

"Ṣé iná nìkan ló ń dùn ọ́?"

"Jọ́láa mi. O mọ̀ pé kì í ṣe iná."

Jọláadé fẹ́ bi í léèrè ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù náà. Kò lè bi í. Ó fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lójú òun.

Nígbà tí Baba ò gbà kí wọ́n gé igi náà, Godfred padà wá, ó tẹ́ àwòrán méjì sórí ẹní. Ìlà tó wà nínú àkọ́kọ́ gba orí igi obì kọjá tààrà. Nínú èkejì, ìlà náà yà kúrò lórí igi, ó sì gba orí ilé kan kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, Jọláadé rí ọwọ́ ìkọ̀wé Tolúwani, ó sì kà á sókè: "Yàrá mẹ́rin. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Mi ò lè ṣe é."

"Ilé ta nìyẹn?" Baba béèrè.

"Ilé Kwaku àgbà."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Baba. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ní 1969. Kwaku, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ló bá wọn tọ́jú oko náà. Ìgbà tí wọ́n fi padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Mo ti ro ìdí igi yín."

"Ọmọ yìí mọ̀ pé òun lè pàdánù ìyàwó," Baba rọra sọ, "kò sì wó ilé onílé." Ó wo Jọláadé. "Ṣé ó sọ èyí fún ọ?"

"Rárá, Baba."

"Hmm."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba gbé ọkọ́ lọ sóko fúnra rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ ìdí igi obì náà kún garawa, ó hú ọmọ obì kan tó hù lábẹ́ rẹ̀, ó sì kó wọn wá sí àgbàlá ní Sawaba. Ó gbẹ́ ihò. Lẹ́yìn náà ló ní kí Jọláadé bá òun pe nọ́ńbà kan.

"Tolúwani."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà."

"Kí wọ́n gé igi yẹn. Mo ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi ni yóò gbé igi sí i. Wá fúnra rẹ. Má mú fọ́ọ̀mù bọ̀, má sì rán Godfred."

Baba gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Jọ́láa mi," ohùn náà ní. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Dé ná," Jọláadé dáhùn. "Ojú mi ni kí o ti sọ ọ́."

Ọjọ́ kan gbáko ni mọ́tò ń rìn láti àríwá dé Kùmásí. Jọláadé wọ́n omi sí garawa náà, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi ṣíji bo ọmọ obì náà kí oòrùn má pa á. Ó jókòó tì í, ó kọjú sí ọ̀nà.