Bisikíìtì Tí Oníbúrẹ́dì Ṣe Fún Ọmọ Rẹ̀

Ilé oníbúrẹ́dì kọ́ ló yẹ kí ebi ti máa pa ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òórùn búrẹ́dì ti máa ń gba gbogbo àdúgbò, tí ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti ra nǹkan kan á sì bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ààrò gan-an ni oníbúrẹ́dì yìí àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, yàrá méjì pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré kan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sí. Ìyá Kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé ó jọ ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ gẹ́lẹ́, títí dé orí bó ṣe ń fi ọwọ́ lé ìbàdí bí ọ̀rọ̀ bá bí i nínú.

Ọmọ náà ti tó ẹni ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ikùn rẹ̀ ń wú, apá rẹ̀ ń gbẹ. Bó bá jẹun tán, inú á máa run ún, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ wá rí bí aṣọ tí wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, kò gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ omi mímu, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìfun rẹ̀ wò, dókítà sì ní kí wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Nọ́ọ̀sì náà kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fún wọn ní ìjókòó, ó bi ọmọ náà bó ṣe sùn, lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn òbí rẹ̀.

"Ara ọmọ yín kò gba àlìkámà," ló wí. "Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gúlútìn. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí ẹ bá pò máa fà bíi rọ́bà."

Oníbúrẹ́dì mi orí. Ohun tó ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ nà láti ìgbà èwe ni obìnrin yìí ń sọ.

"Kò ṣe ẹ̀yin ní nǹkan kan, kò sì ṣe èmi náà," ni nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú tirẹ̀, ńṣe ni ara rẹ̀ á gbógun tì í, ìfun rẹ̀ ló sì ń fara gbọgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kò fi ṣe é láǹfààní mọ́."

"Oògùn wo la máa lò fún un?" ni ìyá ọmọ béèrè.

"Kò sí oògùn tó lè mú un kúrò, mà. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Kó má ṣe fẹnu kan búrẹ́dì, bisikíìtì, kéèkì, súpágẹ́tì, tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, tàbí báálì àti ráì, àwọn ọkà tó jọ ọ́. Bó ṣe máa rí títí ayé nìyẹn."

Wọ́n padà délé. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ìyẹ̀fun ni wọ́n ní kó má jẹ ìyẹ̀fun mọ́.

Oúnjẹ ńlá kò mú wàhálà wá. Ìrẹsì wà, ẹ̀wà wà, ọ̀dùnkún wà, ẹyin àti ẹja náà wà. Ìpápánu ni ìṣòro. Bí wọ́n bá jáde ìsinmi ní ilé ìwé, gbogbo ọmọ á tú àpò, gbogbo ẹnu á sì máa dún kùrọ́kùrọ́. Ìyá Kékeré nìkan ló ń jókòó lọ́wọ́ òfo bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bu bisikíìtì fún un, ó ní òun kò jẹ. Ọ̀rẹ́ náà ní ìgbéraga ló ń ṣe é, ó sì lọ jókòó síbòmíràn.

Ẹkún ni ọmọ náà fi ròyìn rẹ̀ délé. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá rẹ̀ wọ eegun.

"Má sunkún mọ́," ló wí. "Ọmọ oníbúrẹ́dì kò ní máa wo ẹnu ẹlẹ́nu. Màá ṣe tìẹ fún ẹ lọ́tọ̀."

Ó ra ìyẹ̀fun ìrẹsì, ó ra bọ́tà àti ẹ̀pà. Ní ìdájí, kí ó tó kan búrẹ́dì títà, á dúró sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, á máa pò ó. Àkọ́kọ́ tó ṣe rún bí iyanrìn. Èyí tó tẹ̀ lé e le débi pé ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Kò jẹ́ kó sú òun, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó wá dùn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọmọ náà jẹ ẹyọ kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bàbá rẹ̀ sì yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omi lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Kékeré ti ń gbé ike bisikíìtì tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ṣáà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n ara kò yá. Ikùn náà tún wú. Ọmọ tó yẹ kó máa sanra ń rù sí i, ọjọ́ tó ń sùn sílé sì wá ń pọ̀ ju ọjọ́ tó ń lọ sí ilé ìwé lọ. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, dókítà wo èsì àyẹ̀wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Àlìkámà ṣì ń wọ inú ọmọ yìí láti ibì kan," ló wí. "Bó bá ń lọ báyìí, a ó dá a dúró síbí."

Nọ́ọ̀sì ní òun máa wá wo bí wọ́n ṣe ń dáná nílé. Oníbúrẹ́dì kò tilẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Ibì kan? Ibì kan wo ló tún kù, bí kò ṣe pẹpẹ búrẹ́dì òun? Ọmọ ń jalè.

Ó ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí. Ó yẹ àpò ìwé ọmọ náà wò nígbà tó wà ní balùwẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ló bá pè é.

"Ìyá Kékeré, búrẹ́dì mélòó lo ti mú?"

"Mi ò mú ìkankan, bàbá."

"Mi ò ní nà ẹ́. Ṣáà sọ òótọ́ fún mi."

"Òótọ́ ni mò ń sọ, sà."

"Ṣé dókítà ló wá ń parọ́?"

Ọmọ náà wo ike bisikíìtì tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì sọ orí kodò. Lójú bàbá, ẹni tó jẹ̀bi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ rọra o, bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ilé ìdáná. "Mi ò bí olè."

"Àbí èmi ni mo bí i?"

Ọjọ́ tí wọ́n sùn láì kí ara wọn nìyẹn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, Ìyá Kékeré wà ní ilé ìwé. Ìyá ọmọ fi ìkòkò àti àwo hàn án, ó ní wọ́n mọ́. Oníbúrẹ́dì wá gbé ike rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìyangàn.

"Ìpápánu rẹ̀ nìyí. Ìrẹsì pọ́ńbélé. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣe é."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Níbo lẹ ti ń ṣe é?"

Ó mú un wọ ilé búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì wo yíká.

"Ṣé orí tábìlì yìí ni?"

"Mo máa ń nù ún kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Asẹ́ ńkọ́?"

"Asẹ́ tí mo ń lò náà ni. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa."

"Páànù tí ẹ fi ń yan án?"

Oníbúrẹ́dì tọ́ka sí páànù búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan nu orí pẹpẹ, ó sì nà án sí i. Ìka náà funfun.

"Ìyẹ̀fun àlìkámà nìyí, bàbá. Ó ń fò, ó ń bà sórí gbogbo nǹkan. Ó wà nínú ihò asẹ́, ó wà ní igun páànù. Ẹ wo apá yín."

Ó wo apá rẹ̀. Irun ibẹ̀ funfun láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rí i mọ́.

"Èyí tó kéré báyìí?"

"Fún ọmọ yìí, kò sí èyí tó kéré. Ojoojúmọ́ ló sì ń jẹ ẹ́."

Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ó ti àgádágodo mọ́ búrẹ́dì tí ọmọ kò fọwọ́ kàn, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ohun tó ń pa á lára sínú ike.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mò ń ṣe é fún ọmọ mi."

"Ẹ kò mọ̀ ni, bàbá. Ẹ ti mọ̀ báyìí." Nọ́ọ̀sì fà á dìde. "Ẹ má ṣe é níbí mọ́. Ilé ìdáná inú ilé ni kẹ́ ẹ lò, kí ìyẹ̀fun àlìkámà má sì wọ ibẹ̀ rárá. Ẹ ra asẹ́ tuntun, páànù tuntun àti ṣíbí igi tuntun. Kẹ́ ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ aṣọ, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀."

"Bí mi ò bá ráyè ṣe bisikíìtì ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ṣé bisikíìtì nìkan ni ìpápánu ni? Ẹyin sísè ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ẹ̀pà tí ẹ yan nílé, gúgúrú. Ọ̀dùnkún díndín náà dára, bí kì í bá ṣe òróró tí ẹ fi dín nǹkan oníyẹ̀fun lẹ lò. Ohun tó ń dún kùrọ́kùrọ́ lẹ́nu ló ń wù ú, torí ohun táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ nìyẹn. Ẹ wá èyí tó ń dún fún un."

Ìyá Kékeré ti ilé ìwé dé, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà ti wẹ̀, aṣọ ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ọmọ mi, mo pè ẹ́ lólè, o kò jalè. Bisikíìtì tí mo ń ṣe fún ẹ ló ń dá ẹ lóró. Má bínú sí mi."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí lo mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé bisikíìtì yẹn ni. Tí mo bá ti jẹ ẹ́ ni inú máa ń run mí."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ? Kí ló dé tí o ń jẹ ẹ́?"

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ẹ máa ń dúró wo ẹnu mi. Inú yín máa ń dùn."

Oníbúrẹ́dì fà á mọ́ra. Ó ní: "Láti òní lọ, bí ohun tí mo fún ẹ bá ń pa ẹ́ lára, sọ ọ́. Bó bá máa bí mi nínú, kó bí mi."

Ara ọmọ náà kò yá lọ́jọ́ kejì. Ìfun tó ti gbọgbẹ́ kì í jinná wéré. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ikùn ń fà sẹ́yìn, tí apá sì ń kún, tó sì tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí ọmọ tàbí àgbàlagbà bá ń rù, tí ikùn ń wú, tí ìgbẹ́ gbuuru kò sì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi búrẹ́dì dù ú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí àyẹ̀wò lè má gbé òótọ́ jáde mọ́. Ẹni tí kò ní àìsàn yìí kò ní ìdí láti sá fún àlìkámà. Ẹni tó ní in kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Kí ẹ tó mú oúnjẹ àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti wá òmíràn tó máa dùn mọ́ ọn sílẹ̀, kó sì máa gbé e dání. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ẹ tó ra ohunkóhun; àlìkámà máa ń fara pa mọ́ sínú èròjà ọbẹ̀, báálì sì wà nínú ohun mímu onímọ́ọ̀tì. Ohun tí a fi se oúnjẹ rẹ̀ ṣe pàtàkì bí oúnjẹ náà fúnra rẹ̀.

Bó bá sì sọ pé inú ń run òun, ẹ gbà á gbọ́ dípò kí ẹ pè é lólè. Bó bá dákẹ́, ẹ bi í léèrè, torí ọmọ tó fẹ́ràn yín lè máa pa ìrora mọ́ra kí inú yín má baà bà jẹ́.